Alẹ́ metal ní Digbeth: ìrìn-àjò mi sí Birmingham, oṣù kẹwàá 2025

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù kẹwàá

Òjò wìnìwìnì ló ń rọ̀ nígbà tí mo kúrò ní Peckham ní London, bọ́ọ̀sì 36 gbé mi dé Victoria, ibẹ̀ ni mo ti wọ kóòṣì tó ń lọ Birmingham. £11 ni owó ọkọ̀ torí mo ti tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ ìrìn-àjò gan-an á bá a pé owó ti fò sókè, ti rélùwéè kò tiẹ̀ ṣeé gbọ́ sétí.

Ohun tí mò ń bá lọ nìyí: ẹgbẹ́ metal mẹ́ta kan (metal ni orin rọ́ọ̀kì tó wúwo, tí gìtá rẹ̀ ń hu) fẹ́ ṣeré lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní kíláàbù kékeré kan ní Digbeth, abẹ́ ilé ni kíláàbù ọ̀hún wà, kò lè gbà ju nǹkan bí igba èèyàn lọ. Mo ti lọ sí èyí tí wọ́n ń ṣe ní pápá ńlá rí, ó dáa, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n gàgàrà lèèyàn máa ń wò ńbẹ̀, olórin fúnra rẹ̀ á rí bíńtín lọ́ọ̀ọ́kán. Nínú yàrá kékeré, ẹ máa rí ìka tó ń tẹ wáyà gìtá, ẹ máa rí òógùn lójú onílù, ìró ìlù á sì máa lù yín láyà gbì gbì. Ibẹ̀ lorin yìí ti dùn jù lójú tèmi. Mo sì fẹ́ gbọ́ ọ nílùú tí wọ́n ti bí i, torí ọmọ Aston ní Birmingham làwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dá Black Sabbath sílẹ̀ ní 1968, ọjọ́ 13 oṣù kejì 1970 ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, sàkáání ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ Judas Priest ti wá.

A ti kọjá High Wycombe dáadáa lórí M40 ni ẹ́ńjìnnì kóòṣì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lódìlódì, èéfín ń yọ lẹ́yìn, dírẹ́bà rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ní ká bọ́ọ́lẹ̀ ká lọ dúró lẹ́yìn irin tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Òjò ò dá. Ìyá àgbà kan tá a jọ jókòó, ọmọ Jàmáíkà tó ti ń gbé Handsworth ní Birmingham láti kékeré, ló ṣí agboòrùn rẹ̀ bo èmi náà, ó fa bọ́ọ̀nù àti ṣíìsì yọ nínú báàgì, ó gé e sí méjì, ó ní kí n jẹun. Mo kúnlẹ̀ gbà á níbẹ̀ lẹ́bàá títì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí. Mo sọ ibi tí mò ń lọ fún un. Ó ní ọkọ òun tó ti dolóògbé ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ irin ní Smethwick, wọn ò fún wọn ní nǹkan tí wọ́n á fi dí etí láyé ìgbà yẹn, tó bá dé sílé lálẹ́ àwọn á máa pariwo kó tó gbọ́ pé oúnjẹ ti délẹ̀. "Ibi ariwo lò ń lọ yẹn, kí lo fẹ́ fi dí etí?" Mo fi ike kékeré méjì tó wà lẹ́nu kọ́kọ́rọ́ mi hàn án, ó ní ó dáa, ó ní kí n má yọ ọ́ o.

Ó tó wákàtí méjì kí kóòṣì mìíràn tó wá kó wa. Ẹ máa mú omi, ìpanu àti páwà báǹkì dání tẹ́ ẹ bá ń rin ọ̀nà yẹn, kódà tó bá jẹ́ ìrìn wákàtí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì yín torí ẹ lè fi béèrè owó padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ Digbeth látìgbà tó ti pẹ́, kò bínú rárá, ó gbé mi lọ sílé wọn ní Erdington. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ti ro àmàlà sílẹ̀, ewédú, gbẹ̀gìrì, ṣàkì tó rọ̀ dáadáa. Bí mo ṣe ń fọwọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Àbúrò, ṣé orin tí wọ́n ń pè ní ti Sátánì yìí ló gbé ẹ dìde ní London?" Díákónì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bèèrè tọkàntọkàn ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Geezer Butler tó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ orin Black Sabbath, ilé Kátólíìkì ni wọ́n ti tọ́ ọ. Àgbélébùú tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbé kọ́rùn, bàbá Ozzy Osbourne tó ń kọrin fún wọn ló ṣe é, òṣìṣẹ́ irin ni bàbá náà. Wọ́n kọrin nípa ogun, nípa oògùn olóró, nípa orí tó ń dàrú, nípa ikú, torí ohun tí wọ́n ń rí láyìíká wọn nìyẹn." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, àmọ́ àwọn á gbàdúrà fún mi kí n tó jáde. Mo ní àmín, mo sì fẹ́ àdúrà náà lóòótọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù kẹwàá, ọ̀sán

Mo bẹ̀rẹ̀ láti New Street. Akọ màlúù onírin kan wà nínú ibùdókọ̀ rélùwéè yẹn, ó ga tó mítà 10, ìdíje Commonwealth ti 2022 ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, àwọn aráàlú ló dìbò pé kó máa jẹ́ Ozzy. Ó máa ń mi orí, àwọn ọmọdé ò sì fẹ́ kúrò níwájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ mo fẹsẹ̀ rìn dé Broad Street, níbi afárá tó gba orí kànálì kọjá, afárá Black Sabbath ni wọ́n ń pè é láti 2019, àga gígùn kan wà ńbẹ̀ tí àwòrán ojú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù keje 2025 ni Ozzy kú, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ṣeré ìdágbére ní Villa Park, ìyẹn ní Aston, kò jìnnà rárá sí títì tó dàgbà sí. Ọjọ́ 30 ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ gba Broad Street, wọ́n dúró níbi àga yìí kí ẹbí rẹ̀ lè kí àwọn èrò. Àga náà tutù fún òjò nígbà tí mo débẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ìkọ́lé fi ọwọ́ aṣọ rẹ̀ nù ún kí n lè jókòó, ó bá mi ya fọ́tò, ó ní bàbá òun àti Ozzy jọ lọ síléèwé kan náà ni, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo lọ wo The Crown ní Station Street, lẹ́bàá New Street. Òkè ilé ọtí yẹn ni Black Sabbath ti ń ṣeré nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ Earth, àtọdún 2014 ló sì ti wà ní títì. Inú mi ò dùn níwájú ilé yẹn. Ilé tó yẹ káwọn èèyàn máa wọ̀ láti gbogbo ayé, wọ́n fi pákó dí fèrèsé rẹ̀, ẹyẹlé ń yàgbẹ́ sí i lára.

Kí n tó jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Tony Iommi, onígìtá Black Sabbath, fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, torí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 17 ni, ilé iṣẹ́ páànù irin ló ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá ni ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ wáyà gìtá. Wọ́n ní kó gbàgbé gìtá. Ọ̀gá rẹ̀ nílé iṣẹ́ ló mú àwo Django Reinhardt wá fún un, ìyẹn ọkùnrin tí iná jó lọ́wọ́ tó wá ń fi ìka méjì péré ta gìtá tí gbogbo ayé sì ń gbọ́ ọ. Ni Iommi bá yọ́ ike ìgò ọṣẹ ìfọbọ́, ó mọ ọ́n bọ orí ìka, ó fi awọ bò ó, ó wá wáyà tó fẹ́lẹ́ so mọ́ gìtá, nígbà tó yá ó tún dẹ wáyà náà sílẹ̀ kó lè rọrùn fún ìka rẹ̀, ohùn gìtá wá rẹlẹ̀, ó wá wúwo. Ohùn yẹn làwọn tó tẹ̀ lé e ń wá kiri títí dòní. Àwa tá a mọ Ògún, a mọ̀ pé irin tó ń ṣeni léṣe náà lèèyàn fi ń jẹun, torí náà ìtàn yìí ò ṣàjèjì sí mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìlú alágbẹ̀dẹ ni Birmingham, orin alágbẹ̀dẹ ló sì ti ibẹ̀ jáde.

Oúnjẹ ọ̀sán: balti ní Ladypool Road. Àwọn ará Pakistan tó ń gbé Birmingham ló gbé oúnjẹ yìí jáde láàárín ọdún 1970 sí 1980, abọ́ irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi sè é náà ni wọ́n á gbé wá síwájú yín, ó ṣì ń hó. Ẹran àgùntàn àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mo jẹ, náànù (búrẹ́dì pẹlẹbẹ) kan tó tóbi ju àwo lọ, £10.50 gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi wàrà tútù tí wọ́n á fún yín sílẹ̀ o, ata wọn kì í ṣe eré. Ẹni tó bá ń lọ sóde metal gbọ́dọ̀ jẹun kó yó ní ọ̀sán, torí inú kíláàbù kò ní oúnjẹ, àti pé ara máa ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì kan náà, alẹ́

Agogo méje ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. £14 ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, £2 ni wọ́n gbà láti bá mi tọ́jú kóòtù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ san £2 yẹn, ẹ má gbé kóòtù wọlé, ooru inú ibẹ̀ á pa yín.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo káàdì mi, ó rí orúkọ, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní, "Ọmọ wa! Ṣó dá ẹ lójú pé ibí lò ń bọ̀?" Ọmọ Ìbàdàn ni, ohùn rẹ̀ ti sọ ọ́ kó tó sọ ọ́. Mo ní ó dá mi lójú, sà, ẹ kú iṣẹ́. Ó ní kíláàbù oríṣiríṣi lòun ti ṣọ́ nílùú yìí, pé tí wọ́n bá ní ti metal ni lálẹ́ ọjọ́ kan, òun máa ń dúpẹ́, torí àwọn tí wọ́n wọ dúdú látòkè délẹ̀ yìí kì í jà, wọ́n á ti ara wọn títí wọ́n á sì máa dì mọ́ ara wọn tí wọ́n bá ń jáde. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá yọ mí lẹ́nu kí n wá pe òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn, torí èmi nìkan ni mo dá lọ, ó sì ṣe pàtàkì fún obìnrin láti mọ ẹnì kan.

Àtẹ̀gùn kan ló já sísàlẹ̀, àjà ilé kò ga, ẹni tó bá ga díẹ̀ lè fọwọ́ kàn án, ilẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Sítéèjì kò ga ju orúnkún lọ. Mo di etí mi kí ìró kankan tó bẹ̀rẹ̀. Ariwo tó bá ti kọjá 85 dẹ́síbẹ́lì fún ìgbà pípẹ́ lè ba etí jẹ́, inú ibẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, mo sì ń rántí ọkọ ìyá Handsworth yẹn. Ohun ìdítí tí wọ́n ṣe fún olórin kì í pa orin, ó kàn ń dín in kù ni, £15 ni mo ra tèmi, kò sí nǹkan tí mo rà tó wúlò fún mi tó o. Omi ẹ̀rọ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń ta ọtí ní England, òfin ni, ẹ kàn béèrè.

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ láti Coventry, wọ́n yára gan-an, wọ́n ṣe bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, wọ́n sì ti parí kí n tó mọ̀. Ẹgbẹ́ kejì ni n ò lè gbàgbé. Èèyàn mẹ́ta péré láti Leeds, obìnrin ló ń ta gìtá tó sì ń kọrin. Wọ́n falẹ̀, wọ́n falẹ̀ débi pé ẹ lè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìlù kan sí èkejì, ó ta wáyà kan ṣoṣo, ó jẹ́ kó máa dún, ó dojú gìtá kọ sípíkà kó lè máa hu, ilẹ̀ ń gbọ̀n, mo fọwọ́ kan ògiri, ògiri náà ń gbọ̀n. Nígbà tó wá lanu, ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn obìnrin, kì í ṣe ti ọkùnrin. Ẹni tó bá ti gbọ́ kí ará ọ̀run máa sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹ̀kú rí nígbà ọdún egúngún, ó mọ irú ohùn tí mò ń wí. Mo ti gbọ́ ohùn yẹn ní kékeré nílé bàbá mi, ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn, kò bà mí lọ́tẹ̀ yìí, omi ló bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn eré mo lọ bá a nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ta tíṣẹ́ẹ̀tì, mo bi í bóun ò ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́, ó ní òun kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́ fún ọdún púpọ̀, pé kì í ṣe pé èèyàn ń lọgun, inú ikùn ni agbára ti ń wá, ẹni tó bá fi ọ̀fun lásán ṣe é, ohùn rẹ̀ á lọ láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹgbẹ́ kẹta láti Wolverhampton ló sọ yàrá náà di ojú ogun. Onílù wọn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìlù ńlá náà, ó ń yí bí ẹ̀rọ, àárín yàrá ṣí sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yípo, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní pit. Fún ẹni tí ò bá mọ̀: ẹni tí ò bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tàbí lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa fà á wọlé. Ẹni tó bá wọlé, kó tọ́jú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, kó bọ́ yẹtí àti ẹ̀gbà, kó wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Òfin tó ga jù ni pé tẹ́nì kan bá ṣubú, gbogbo ẹni tó wà nítòsí gbọ́dọ̀ gbé e dìde lójú ẹsẹ̀. Mo rí i lójú mi, ọmọkùnrin kan ṣubú, kò tíì kanlẹ̀ tán tí ọwọ́ mẹ́rin ti gbá a mú.

Mo wọ inú rẹ̀. Bí mo ṣe ń yípo lẹ́ẹ̀kejì ni èjìká kan gbá mi, awò ojú mi fò lọ. N kì í ríran jìnnà láìsí i, gbogbo nǹkan kàn di dúdú àti pupa. Mo tẹ̀ síwájú, mo na ọwọ́ sókè, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó wà níwájú mi rí ojú mi, kò bi mí léèrè, ó kàn na apá méjèèjì gbooro, ó fi ẹ̀yìn ti àwọn tó ń bọ̀, ẹlòmíì dúró tì í, ẹlòmíì tún dúró, kí n tó ṣẹ́jú wọ́n ti ṣe agbo yí mi ká, orin ò sì dúró o, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, àwọn géńdé tí wọ́n fi irin gún imú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ tí ọtí ti rin gbingbin. Ọmọbìnrin kan ló rí i. Dígí kò fọ́, apá kan ló ti ṣẹ́ níbi tó ti ń tẹ̀. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó mú mi lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń darí sáùǹdì, onítọ̀hún ò mú ojú kúrò lára ẹ̀rọ rẹ̀, ó kàn na ọwọ́ òsì sábẹ́ tábìlì, ó fa téèpù dúdú kan yọ, ó fi eyín já a, ó wé apá awò náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi sí mi lójú fúnra rẹ̀, ó sì padà sórí bọ́tìnì tó ń yí. Mo ti lọ sóde àríyá oríṣiríṣi, tàwa gan-an pẹ̀lú, n ò tíì rí ibi táwọn àjèjì ti ṣe báyìí fún mi rí.

Agogo mọ́kànlá ku díẹ̀ ni wọ́n parí. Ọmọ Ìbàdàn yẹn bá mi dúró títí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé mọ́tò dé, ó kí wọn, wọ́n kí i, wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ Mọ̀lété àti Bódìjà bí ẹni pé wọ́n ti mọra tipẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́tà, 18 oṣù kẹwàá

Ọrùn ń dùn mí, etí mi ò dún rárá. Mo tẹ̀ lé Ìyá Ìbejì lọ sọ́jà Bull Ring, wọ́n ń ra ẹja, ẹja ibẹ̀ tutù gan-an, ọ̀rọ̀ owó sì ṣeé bá wọn sọ tó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀ fẹ́ bá mi ṣe awò ojú ní £8, mo ní kó fi sílẹ̀, téèpù náà ṣì mú un dáadáa.

Lálẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi fídíò hàn àwọn. Wọ́n wo onílù Wolverhampton yẹn títí, wọ́n dá fídíò náà padà, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní ti ká sọ pé àwọn gbádùn ẹ̀, àwọn ò gbádùn ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn mọ ìlù. Wọ́n bèèrè ìka méjì táwọn èrò ń nà sókè bí ìwo, mo ní akọrin Ronnie James Dio ló jẹ́ kó gbajúmọ̀ nígbà tó dara pọ̀ mọ́ Black Sabbath ní 1979, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà tó jẹ́ ará Ítálì ló ti rí i, ìyá náà máa ń fi lé ojú burúkú ni. Wọ́n mi orí. Mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n rántí àwo BLO, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan, tó wà nílé Bàbá ní Surulere. Wọ́n pariwo! Berkely Jones lórí gìtá, Laolu Akintobi lórí ìlù, Odumosu lórí báàsì, 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n ń ta gìtá tó ń hu yìí kan náà. Àwọn Ofege náà, ọmọ iléèwé St. Gregory's ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe àwo. Ó máa ń dùn mí táwọn èèyàn wa bá ní orin òyìnbó ni, pé kí ló kan dúdú ńbẹ̀. Àwọn bàbá wa ti ta á ní Èkó nígbà tí Black Sabbath ṣì ń ṣe àwo tuntun, àwa la ò tọ́jú ìtàn náà. A gbọ́ BLO lórí fóònù títí àwọn ìbejì fi ní kí a jẹ́ káwọn sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kẹwàá

Mo bá wọn lọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, mo wọ kóòṣì agogo mẹ́ta, òjò ò rọ̀, ọkọ̀ ò bàjẹ́, mo dé Peckham kílẹ̀ tó ṣú tán.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀: ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ £23, tíkẹ́ẹ̀tì £14, kóòtù £2, balti £10.50, tíṣẹ́ẹ̀tì £20. Tẹ́ ẹ bá máa fowó nǹkan kan pamọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ti tíṣẹ́ẹ̀tì. Àwọn mẹ́ta Leeds yẹn sọ fún mi pé ohun tí wọ́n tà lórí tábìlì ló ra epo tí wọ́n fi wakọ̀ padà sílé, owó ẹnu ọ̀nà kì í tó pín. Iwájú àti ẹ̀yìn tèmi dúdú, orúkọ wọn ò sì ṣeé kà nítorí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ bí ẹ̀ka igi, mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Àwọn mẹ́ta Leeds yẹn ń bọ̀ wá sí London nínú oṣù kejìlá 2025, £12. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ kó tètè sọ, yàrá náà kéré.